Rírán Léèsì Àfọwọ́ṣe Mọ́ Aṣọ: Ìlànà Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ìṣe fún Olùkọ́

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń rán léèsì àfọwọ́ṣe mọ́ etí aṣọ, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí olùkọ́ lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun kan sọ́tọ̀. Léèsì òde àríyá tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí àwọn kan nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Austria wá, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ kíróṣé, tí ẹnu rẹ̀ kọ́ bí ìwọ̀, hun láti ara òwú nìkan. Ihò ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti hun léèsì etí aṣọ orí tábìlì. Kò lò ju wákàtí kan lọ láti rán an. Nígbà tí a fọ aṣọ náà, ó sún kì, léèsì sì ká jọ bí ewé gbígbẹ. Èmi olùkọ́ ni mo jẹ̀bi, nítorí “ẹ rán an mọ́ ọn” nìkan ni mo sọ. Aṣọ òwú tuntun a máa sún kì bí a bá fọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí aṣọ fi ń sún kì kì í sì í bá ti léèsì mu. Nítorí náà, kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ, a ó fọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì lọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣẹ́ etí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má baà máa tú. A ó tẹ́ léèsì lé etí náà láìfà á rárá. Bí a bá dé igun, a ó kó léèsì jọ díẹ̀ síbẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò fa igun aṣọ sókè. A ó fi pínnì dè é, a ó sì fi òwú aláwọ̀ mìíràn gán an, kí ó lè rọrùn láti tú. Nígbà náà ni rírán gan-an kàn. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni kí a lò, kí ó máa mú etí léèsì àti fọ́nrán òwú aṣọ méjì tàbí mẹ́ta péré. Kí òwú ìránṣọ má ki ju ti léèsì lọ: bí ohun kan yóò bá já, kí ó jẹ́ òwú ìránṣọ.

Ní ti ẹ̀rọ, rírán tí ń yà sọ́tùn-ún sósì ni ó dára, kì í ṣe èyí tí ń lọ gbọnrangandan. Kí a dẹ òwú ẹ̀rọ díẹ̀, kí a sì tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ sí abẹ́ léèsì kí eyín ẹ̀rọ má baà há sínú ihò rẹ̀. A ó ya bébà náà kúrò bí a bá parí. Fún aṣọ ọmọdé tí a ń fọ̀ lemọ́lemọ́, mo fara mọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n léèsì tí ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ ni kí a fi rán an. Aṣọ sábà máa ń gbó ṣáájú léèsì, èyí tí a fi ọwọ́ rán sì rọrùn láti tú, kí a tún un rán mọ́ aṣọ mìíràn.

Olùkọ́ lè ti ara aṣọ òkè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, ni ó ń jáde lórí òfì, a ó sì rán an ní etí sí etí. Òfì ti parí etí rẹ̀, nítorí náà kò sí pé a ń ṣẹ́ ẹ. Níhìn-ín, a kò sọ pé a rán ọ̀kan “mọ́” èkejì. A “rán wọn pọ̀” ni, nítorí ọgbọọgba ni wọ́n. Léèsì ni a ń “rán mọ́” aṣọ, nítorí aṣọ ni ìpìlẹ̀. Bí aṣọ bá sì ya tí a fi òmíràn bo ojú rẹ̀, a “lẹ̀ ẹ́” ni. Nísinsìnyí, mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní àjákù àǹkárá àti léèsì kíróṣé, kí ó máa dárúkọ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan sókè bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti ń dákẹ́ ni “gán”.