Ẹsẹ̀ Rẹ ni Súùmù Rẹ

Ọmọ mi tó ń fi kámẹ́rà wá oúnjẹ òòjọ́ n'Íbàdàn, gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Lẹ́ǹsì tó ń rí ìbú, tí kì í fà, bíi 24mm tàbí 28mm, ni kí o kọ́kọ́ rà. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kì í sábà gunpá. Ní Dùgbẹ̀, yóò gba Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965, àti èrò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú yàrá ìyàwó tó há ní Àgbowó, kò ní yọ ẹbí kankan sílẹ̀. Bí iná bá lọ, èyí tí ojú rẹ̀ bá ṣí dé f/1.8 yóò ṣa ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n má gbé e sún mọ́ ojú ènìyàn jù, kí imú má baà wú. Níwọ̀n bí kò ti ń fà, rìn lọ bá àwọn tí o fẹ́ yà, kí wọn, kí o tó tẹ kámẹ́rà.