Ìbànújẹ́ Kì Í Gbé Inú Ọ̀rá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣòwò láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ Oloumi ní Libreville, ní Gabon, mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìbànújẹ́ ọdún pípẹ́ ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara, tó sì ń jáde béèyàn bá ti ń jò, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà léwu, nítorí ó ń mú kéèyàn máa dúpẹ́ lórí àmì àìsàn. Obìnrin ń febi panú kó lè rù, ó ń lo kápúsù tí kò mọ ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, oorun dá lójú rẹ̀, omijé ń dà láìnídìí. Wọ́n á ní kó fara dà á, pé ẹrù ọkàn ló ń sọ̀ kalẹ̀. Irọ́ ni!

Oúnjẹ tí ara fi pamọ́ ni ọ̀rá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Ruben Meerman àti Andrew Brown, ṣírò rẹ̀ ní 2014: bí kílò 10 ọ̀rá bá yọ́ tán, kílò 8.4 ń bá èémí jáde, ìyókù di omi. Lóòótọ́, ọ̀rá a máa tọ́jú fítámì, a sì máa tọ́jú oró bíi DDT, tó ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ béèyàn bá ń rù. Ṣùgbọ́n ikú ọkọ, gbèsè, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé ìgbélùú, inú ọpọlọ ni ìrántí wọn wà. Ìdààmú lè múni jẹun àjẹjù títí a ó fi sanra; ìyẹn ò ní kí ìdààmú bá ọ̀rá lọ.

Láàárín 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ọkàn wọn ò fúyẹ́ rárá. Inú wọn bàjẹ́, wọ́n ń kanra, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Ọ̀kan nínú wọn fi àáké gé ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ara wọn dá ṣáṣá kí ebi tó bẹ̀rẹ̀ o.

Oògùn tó ń múni rù ńkọ́? Wọ́n dá rimonabant dúró ní Yúróòpù ní 2008 torí pé ó ń fa ìsoríkọ́ àti èrò ìpara-ẹni. Ní 2010 ó kan sibutramine, nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀ sibutramine yìí náà ni àwọn aláyẹ̀wò ṣì ń bá nínú kápúsù tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ewé nìkan ni.

Ẹni tó sì ń rù láì gbìyànjú láti rù, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò fún àtọ̀gbẹ, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kòkòrò HIV. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.

Bó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ló wà lọ́kàn yín, ẹ wá ẹni tí ẹ ó sọ ọ́ fún. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Melen, lẹ́bàá Libreville. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá sì ń lù kìkì nídìí kápúsù, kó dá a dúró lónìí, kó gbé páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà.