Ẹgbẹ́ Róbọ́ọ̀tì

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí:

Kí ni róbọ́ọ̀tì? Róbọ́ọ̀tì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé àṣẹ tí a bá kọ fún un. Bí a kò bá sọ fún un pé kó dúró, kò ní dúró.

Ní Parakou, àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní CEG lè dá ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì sílẹ̀. Wọ́n á máa pàdé lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí. Àwọn kan á ní, "Kò sí owó ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká dúró ná." Ẹ má dúró. Ẹ̀yin kékeré pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ẹ fi eré bẹ̀rẹ̀

Ọmọ kan ni róbọ́ọ̀tì. Ọmọ kejì ni ọ̀gá. Róbọ́ọ̀tì dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ọ̀gá fẹ́ kó dé ibi pátákó. Ó ní, "Rin ìṣísẹ̀ márùn-ún. Yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Máa rìn." Róbọ́ọ̀tì ń rìn, ó ń rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu bẹ́ǹṣì!

Ta ló ṣẹ̀? Róbọ́ọ̀tì kọ́. Ọ̀gá ló gbàgbé láti ní, "Dúró." Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ jọ tún àṣẹ náà kọ, kí ẹ sì tún un dán wò.

Ẹ lo ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ fi agolo àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, nítorí ọwọ́ yín ló ń tì í. Bí olùkọ́ bá fi bátìrì àti ẹ́ńjìnnì ohun ìṣeré tó ti bàjẹ́ sí i, á máa rìn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì lè gbọ́ àṣẹ. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá rí kọ̀ǹpútà kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n sì kọ àṣẹ sínú rẹ̀, ọkọ̀ náà á di róbọ́ọ̀tì.

Ẹ ṣọ́ra! Ẹ má ṣe la bátìrì. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan iná mànàmáná.

Àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀

Ní Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, Kodjo Afate Gnikou kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ti sọ nù jọ. Ní ọdún 2013, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tuntun kan. Ẹ̀rọ náà ń yọ́ ike, ó sì ń fi í mọ nǹkan ní ìpele-ìpele. Nílé wa níbí, ní Kútọnu, àwọn ará BloLab ti to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì rí. Ohun tí ẹnì kan sọ nù, ọmọ tó ní làákàyè lè fi í ṣe nǹkan.

Kí ẹgbẹ́ lè dàgbà

Ọmọ mẹ́rin lè lo ẹ̀rọ kan. Ẹnì kan á ka àṣẹ. Ẹnì kan á to ẹ̀rọ. Ẹnì kan á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan á ka irinṣẹ́, kí wọ́n má baà sọ nù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ to ẹ̀rọ. Kì í ṣe ìwé nìkan ni kó máa kọ. Kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ló dé tí róbọ́ọ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu bẹ́ǹṣì?
2. Kí ni ọkọ̀ agolo nílò kó tó di róbọ́ọ̀tì?
3. Kí ló dé tí ó fi yẹ kí àwọn ọmọ pààrọ̀ iṣẹ́?

Ẹ ṣe é: Ẹ kọ àṣẹ tí róbọ́ọ̀tì máa tẹ̀lé láti orí bẹ́ǹṣì yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má gbàgbé "Dúró"!