Gbèsè Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹni tó yá egbèfà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ní ilé ìwòsàn, igi náà tún ń dí ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ìgbà ìpàdé ètò ìlera tí wọ́n ṣe ní Bamako lọ́dún 1987, tí Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbá ètò ọ̀hún mú, owó oògùn tí aláìsàn bá san ni wọ́n fi ń ra òmíràn dípò. Bí ti àná kò bá wọlé, àtẹ oògùn á ṣófo.

Ìyẹn ló ń mú kí àwọn ilé ìwòsàn kan há ẹni tí ara rẹ̀ ti yá mọ́lé títí ẹbí yóò fi sanwó. Kò bójú mu, kò sì lérè. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ ṣáà ń lọ sóko olówó. Ìyá ọlọ́mọ tí ẹ há mọ́ wọ́ọ̀dù ò roko fún ẹnikẹ́ni, kò sì lè lọ pàtẹ ní ọjà Tọ́kpá, níbi tí owó yín ìbá ti jáde.

Ẹ̀yin alábòójútó ilé ìwòsàn ní Agblangandan, ìdí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti mú ọ̀ràn gbèsè. "Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí" kì í ṣe àdírẹ́sì ládùúgbò tí ayálégbé ń kó wọlé kó jáde, tí omi òjò sì ń lé àwọn mìíràn kúrò nílé. Ẹ gba nọ́ńbà aláìsàn àti ti ẹni tó gbé e wá, kí ẹ pè é níbẹ̀ kó dún létí yín. Bí kì í bá ṣe ọ̀ràn ẹ̀mí, ẹ dárúkọ iye owó kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi ìṣirò han ẹbí lálaalẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta-mẹ́ta ò dẹ́rù bani tó ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún tó já luni lọ́jọ́ tí à ń palẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni onísẹ́mìjàn ń rówó, ẹ má retí òpin oṣù lọ́wọ́ rẹ̀; kó máa fi MoMo san án díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo gbèsè kọ́ ni ti aláìsàn o. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní 2009, ìjọba ló gbà láti máa san 100,000 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà. ARCH, ètò ìdójútòfò ìlera ìjọba, náà wà fún àwọn aláìní. Ẹ yẹ ìwé owó tí ìjọba jẹ yín nínú dúrọ́ọ̀ wò kí ẹ tó dọdẹ ẹnikẹ́ni.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ẹ bá dójú tì láàárín ọjà á jókòó sílé títí ibà ọmọ rẹ̀ á fi di gìrì. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ pè é, kì í ṣe akápò; kó kọ́kọ́ béèrè bí egbò ṣe ń jinná sí, kó tó béèrè owó.