Igala tó wà lágbàlá yín, ta ló ṣe é?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi fi Volkswagen Igala kan sílẹ̀ fún mi. Ó ti pẹ́ tó ti dúró sójú kan nílé wa ní Ajah. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Lagos níbí ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó wá wò ó ní ọkọ̀ Bràsíl ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé a ṣì lè rí pátì rẹ̀ kó wọlé láti ẹbúté Lekki? Bí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè bá sì wá ń to ọkọ̀ nítòsí ẹbúté yìí, ṣé wọn ò ní palẹ̀ mọ́ bíi ti Volkswagen?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni tọ̀tún-tòsì sọ. Ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, lójú ọ̀nà Badagry ní Ọ̀jọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, ọdún kan náà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kaduna. Ọ̀jọ́ ni Ìjàpá (Beetle), Passat àti Igala ti ń jáde. Ṣùgbọ́n Brasília ni wọ́n ń pe Igala nílé rẹ̀, Bràsíl ni wọ́n sì ti ya àwòrán rẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1973. Ẹ̀yà-ẹ̀yà ni wọ́n ń dì í sínú àpótí wá sí Lagos. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀jọ́ á jó irin ara rẹ̀ pọ̀, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sí i lẹ́yìn, wọ́n á to wáyà àti ìjókòó. Ẹ ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi àkísà nu àwọn irin ibẹ̀ dáadáa. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ wọn, ó yẹ kí ẹ rí "Indústria Brasileira" lára díẹ̀ nínú wọn.

Àwọn ará Bràsíl tó ń fi àpótí ránṣẹ́ sí wa yìí, àwọn náà ti gba àpótí rí. Lọ́dún 1953 tí Volkswagen dé São Paulo, inú ilé kan tí wọ́n háyà ní Ipiranga ni wọ́n ti ń to ẹ̀yà tó ń bọ̀ láti Jámánì. Nígbà tó di 1956, ìjọba Ààrẹ Juscelino Kubitschek dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GEIA. Òfin ìgbìmọ̀ náà le: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ kékeré ní Bràsíl, tó bá fi máa di 1960, ìdá 95 nínú 100 ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilé. Orí ìwọ̀n ni wọ́n sì ti ń ṣírò rẹ̀, bí ẹni wọn ẹran lọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má baà ka bọ́ọ̀tù kéékèèké mọ́ wọn lójú. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e ló ń rí owó òkèèrè gbà lọ́wọ́ ìjọba lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n sì ń dín owó ibodè rẹ̀ kù. Kombi tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jáde lọ́dún 1957, Ìjàpá tẹ̀ lé e lọ́dún 1959. Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn náà tí àpótí wọn fi ń gúnlẹ̀ sí Lagos.

Nissan ti Jàpáánì náà tọ Austin, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ní ìparí ọdún 1952 kí wọ́n lè máa to ọkọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú àdéhùn wọn pé láàárín ọdún mẹ́ta, gbogbo ẹ̀yà Austin náà ni wọn yóò máa ṣe ní Jàpáánì. Wọ́n sì ṣe é.

Àwa náà gbìyànjú. Exide ń ṣe bátìrì n'Ìbàdàn, Isoglass ń ṣe gíláàsì níbẹ̀, Dunlop ń ṣe táyà n'Íkẹjà. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ara ọkọ̀ kò sí. Ajaokuta tó yẹ kó bá wa pèsè irin kò tíì parí títí dòní. Owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì rọrùn láti ra àpótí ju kéèyàn jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun inú rẹ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín 1980 sí 1986, dọ́là di ohun àwátì, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà wó. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá kò lè ṣàìkú. Èmi ò dá Volkswagen lẹ́bi pé ó lọ. Àwa la fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí kò ní ìjìyà nínú.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Lekki fi ká mi lára. Ẹbúté yìí, tí wọ́n ṣí lóṣù kìíní 2023, jìn tó mítà 16.5. China Harbour àti Tolaram ló ni ìdá 75 nínú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní 20, àjọ tó ń bójú tó ẹbúté, NPA, ní 5. Omi tó jìn báyìí máa ń mú kí àpótí tètè wọlé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ to ọkọ̀ lágbègbè yẹn kò ní fẹ́ ṣe ju kó máa to ẹ̀yà inú àpótí lọ, àfi bí ìwé àdéhùn bá mú un nípá. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ajah àti Ìbẹ̀jú máa bi àwọn aṣòfin yín léèrè: kìlò mélòó lára ọkọ̀ náà ni a ó ṣe nílé, lọ́dún wo, kí ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá yẹ àdéhùn?

Ó ku pátì. Ẹ má wá ti Jámánì kiri. Ẹ́ńjìnnì 1600 tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù ni Igala ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ bá ti Ìjàpá mu. Mẹ́síkò ṣe Ìjàpá títí di 2003, nítorí náà pátì ẹ́ńjìnnì kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Ara ọkọ̀, gíláàsì àti iná ẹ̀yìn nìkan ni ẹ ó rán sí Bràsíl, kọ̀ntéènà tí ẹ bá àwọn ẹlòmíràn pín sì lè gbé wọn dé Lekki. Ẹ má dán an wò láti ra odindi Brasília àlòkù wọlé: kọsítọ́ọ̀mù kò gba àlòkù ọkọ̀ tó ti ju ọdún 12 lọ, wọn ò sì gba àlòkù táyà kékeré.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí wẹ́dà wo ilẹ̀ ọkọ̀ náà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, nítorí atẹ́gùn òkun Ajah máa ń jẹ irin. Kí mẹkáníìkì yín sì rí i pé gbogbo páànù tó bo ẹ́ńjìnnì pé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ ọ́ sọnù pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ páànù yẹn ló ń darí afẹ́fẹ́ sára ẹ́ńjìnnì. Láìsí i, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbóná jù nínú gòsílóò ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́.