Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Kọ̀ Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Nípa Ìmọ̀, Ìnákúnàá àti Àmáánà

  



Ìbéèrè kan ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé: nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣé ẹ̀rọ náà ti kú nìyẹn? A ó fi iṣẹ́ àwọn tí ń gbé ètò olùdarí kọ̀ǹpútà lọ sórí àwọn workstation àtijọ́ dáhùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilé-kéwú. Ìnákúnàá kàn wá, àdéhùn kàn wá, ìmọ̀ sì kàn wá.

1. Ohun tí à ń sọ gan-an

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò olùdarí dà bí mọ́sálásí tí kò ní lèmọ́mù: ilé wà, èrò wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mú sáàfù tò. Ètò olùdarí ni ó ń pín àkókò àti ààyè ìrántí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun náà ni ó ń bá dísíìkì, bọ́tìnì ìtẹ̀wé àti ojú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kernel. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, Linux àti NetBSD náà wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ìpilẹ̀ Linux àti ti NetBSD wà ní gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn, bí ó bá ti pa àdéhùn tí ó wà lórí rẹ̀ mọ́.

Workstation ni kọ̀ǹpútà alágbára tí wọ́n ń tà fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, yunifásítì àti ilé ìwádìí, pàápàá láàrin ọdún 1980 sí 2000. SPARCstation 1 tí ilé-iṣẹ́ Sun gbé jáde ní ọdún 1989 jẹ́ àpẹẹrẹ kan: ṣíìpù rẹ̀ ń sáré ní 20 MHz, ìrántí rẹ̀ kò sì lè ju 64 MB lọ. VAXstation ti ilé-iṣẹ́ DEC jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Compaq ra DEC ní 1998, HP ra Compaq ní 2002, Oracle sì ra Sun ní 2010. Ilé-iṣẹ́ lọ, ẹ̀rọ kù.

2. Èdè kan, ọ̀nà ìkọ̀wé púpọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ anjẹmi, èyí tí àwọn àlùfáà wa fi ń kọ Yorùbá pẹ̀lú háràfí Lárúbáwá. Bí a bá kọ “omi” ní anjẹmi, omi ni. Bí a bá kọ ọ́ ní ABD, omi náà ni. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ìkọ̀wé ni ó yí padà. Iṣẹ́ gbígbé ètò láti orí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn fara jọ èyí. Ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Ohun tí a bá kọ ní èdè Intel, SPARC kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, èdè ẹ̀rọ PDP-7 ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní 1973, wọ́n tún un kọ ní èdè C. Láti ìgbà náà, ètò tí wọ́n ń pè ní compiler lè sọ àkọsílẹ̀ kan náà di èdè ṣíìpù mìíràn. NetBSD, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, wá láti inú ìran Unix yìí, gbígbé ètò kiri orí onírúurú ẹ̀rọ sì ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. NetBSD 10.0 tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí VAX, ìran ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977.

Ti Linux yàtọ̀ díẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ ọ́ ní 1991 fún ṣíìpù Intel 386 nìkan. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà náà pé kò ṣeé gbé lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ní 1994, Jon Hall tí ó ń ṣiṣẹ́ ní DEC ṣètò ẹ̀rọ Alpha kan fún un. Nígbà tí Linux 1.2 yóò fi jáde ní oṣù kẹta ọdún 1995, ti Alpha, ti SPARC àti ti MIPS ti wà nínú rẹ̀.

Kí ni àṣírí rẹ̀? Ẹni tí ó kọ́ fíkíhù mọ usuulu àti furuu'. Usuulu kò yí padà láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀ka ni à ń wo ipò àti àyè fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín NetBSD sí méjì: apá tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, àti apá kékeré tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ṣíìpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí ń jẹ́ Am7990. Sun lò ó, DEC náà lò ó. NetBSD kọ ìmọ̀ bí a ṣe ń darí ṣíìpù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wá kọ ojú-ìwé díẹ̀ fún bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe so ó mọ́ra. Ẹni tí ó bá tún àárín rẹ̀ ṣe fún Sun ti tún un ṣe fún àwọn yòókù.

3. Ibi tí iṣẹ́ ti le

Compiler kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń dá àwọn oníṣẹ́ yìí dúró jù.

Èkíní ni ètò nọ́ńbà. Lárúbáwá ń pe 24 ní arba'a wa ishruun: ẹyọ ni ó ṣáájú. Yorùbá náà ń pè é ní mẹ́rìnlélógún: ẹyọ ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ ní nọ́ńbà, tí a kà á láti ọwọ́ òsì, ogún ni ojú kọ́kọ́ rí. Kò sí èyí tí ó ṣìnà, kìkì pé kí ẹni tí ń kà mọ ọ̀nà tí ẹni tí ó kọ ọ́ gbà. Intel àti VAX ń kọ́kọ́ to báìtì kékeré, SPARC ń kọ́kọ́ to báìtì ńlá. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ 1 sínú báìtì méjì, tí èkejì kà á ní ìdàkejì, 256 ni yóò rí. Ẹ rò ó wò bí iye owó sàká bá wà nínú rẹ̀!

Èkejì ni ibi ìjókòó. SPARC kò gbà kí nọ́ńbà báìtì mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí mẹ́rin kò pín dọ́gba. Bí ètò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Intel máa ń gbójú fò ó.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ojú-ewé ìrántí. VAX ń gé ìrántí rẹ̀ ní báìtì 512, Intel 386 ní 4096, Alpha ní 8192. Ẹni tí ó bá ti kọ 4096 mọ́ inú ètò rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ni ó ń lò ó, ètò rẹ̀ yóò wó lórí ẹ̀rọ mìíràn.

Níbí ni àǹfààní tí ojú kì í tètè rí wà. Àṣìṣe tí Intel gbójú fò, inú ètò ni ó fara pamọ́ sí títí di ọjọ́ tí yóò ṣe ìpalára. Workstation àtijọ́ dà bí mọ́dáríìsì tí kò gba láhànì lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́: ó ń le mọ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Alùkùráánì já lọ́dọ̀ rẹ̀, ibi gbogbo ni yóò ti lè kà á.

4. Bí ẹ̀rọ ṣe ń jí

Kíkọ́ kernel lórí SPARCstation fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, orí kọ̀ǹpútà òde òní ni wọ́n ti ń ṣe é. NetBSD ní ètò build.sh fún èyí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so wáyà serial mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ náà kí wọ́n lè máa ka ohun tí ó ń sọ. Bí dísíìkì rẹ̀ bá ti kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò ti jí. Yóò ké jáde pé, “Àdírẹ́ẹ̀sì mi nìyí, ta ni èmi?” Kọ̀ǹpútà kejì yóò dá a lóhùn pé, “Ìwọ ni 192.168.1.5.” Nígbà náà ni yóò béèrè fáìlì tí ń jẹ́ C0A80105.SUN4C, èyí tí ó jẹ́ nọ́ńbà yẹn kan náà ní ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìṣòro kan tún wà. Inú ṣíìpù kékeré kan tí bátìrì wà nínú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ Sun wọ̀nyí ń tọ́jú aago àti àdírẹ́ẹ̀sì wọn sí. Bí bátìrì bá kú, ẹ̀rọ á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Àwọn kan ń pààrọ̀ ṣíìpù náà. Àwọn mìíràn ń gé orí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn á so bátìrì tuntun mọ́ ọn, wọn á sì tún àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tẹ̀ sí i. Bátìrì kékeré ni ó ń mú kí àwọn kan sọ odindi ẹ̀rọ nù.

5. Ṣé kì í ṣe àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò?

Ìbéèrè yìí tọ́. Alùkùráánì bá àwọn onínàákúnàá wí gidigidi nínú Súrà Al-Israa'i, ó sì kọ̀ àṣejù fún wa nínú Súrà Al-A'raafi. Ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé Ànábì (s.a.w.) máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bàtà rẹ̀ ṣe, a sì máa rán aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún nǹkan ṣe kí ó tó sọ ọ́ nù, ọ̀nà Ànábì ni ó ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìnákúnàá ní ojú méjì. Ẹni tí ó ń fi epo jẹnẹrétọ̀ gbé VAX ńlá kan dúró kí ó lè tẹ lẹ́tà kan, onínàákúnàá ni. Ẹni tí ìrun àsùbáà ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí kernel, àdánù ni ó ń kó jọ. Bákan náà, ẹ̀rọ tí ó lọ́ra bẹ́ẹ̀ lè lo ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ó tó ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, kì í sì í ṣe òun ni a ó gbé iṣẹ́ báńkì lé lórí. Ìdájọ́ wa ni èyí: bí iṣẹ́ náà bá mú ìmọ̀ wá, tàbí ó wo àìsàn ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò sàn, tàbí ó gba ẹ̀rọ tí ó ṣì wúlò lọ́wọ́ ààtàn, ó dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, eré ni.

6. Ọ̀fẹ́ kì í ṣe aláìlófin

Súrà Al-Maa'idah pa á láṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé kí onígbàgbọ́ pa àdéhùn mọ́. Àwọn ètò wọ̀nyí ní àdéhùn. Láti 1992 ni Linux ti wà lábẹ́ àdéhùn GPL: ẹni tí ó bá pín in fún ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí àkọsílẹ̀ ìpilẹ̀ rẹ̀ gbà, àtúnṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Àdéhùn BSD tí NetBSD ń lò rọrùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ pa orúkọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ rẹ́. Àmáánà ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á wo ara wa. Mélòó nínú wa ni ó ń fi ẹ̀dà Windows tí wọ́n jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tẹ ìwé wáàsí nípa àmáánà? Nígbà tí ohun tí ó jẹ́ halali wà ní ọ̀fẹ́, àwáwí wo ni ó kù?

7. Ohun tí ó kàn wá

Ọ̀pọ̀ jùlọ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe SPARC. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 lápapọ̀ dúró, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń lò ó ni kò sì kún ojú ìwọ̀n Windows 11. Linux lè gbé irú wọn dìde. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ síbòmíràn, ẹ dán ètò náà wò láti orí fláàṣì kí ẹ tó fi sínú dísíìkì, ẹ sì wo irú ṣíìpù tí ẹ̀rọ ní. Debian 13 tí ó jáde ní 2025 kò ṣeé fi sórí ẹ̀rọ 32-bit Intel mọ́. NetBSD ṣì ń tọ́jú wọn.

Kí ẹ sì mọ èyí: Linux 3.8 ti ọdún 2013 yọ 386 kúrò, ṣíìpù tí wọ́n bí Linux lé lórí gan-an. Kò sí ohun tí ń dúró láìní olùtọ́jú. Bí àwùjọ kan kò bá ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó mọ inú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò máa gbà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbà á padà, kò ní rí nǹkan kan sọ. Ìdí nìyí tí a fi rí ìmọ̀ yìí bí farilu kifaaya láàrin wa, fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹ̀ka

1. Kí ni ìjọra tí ó wà láàrin usuulu àti furuu' pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pín NetBSD?
2. Kí ló dé tí 1 fi lè di 256?
3. Ìgbà wo ni àtúnṣe ẹ̀rọ àtijọ́ ń di ìnákúnàá?
4. Kọ̀ǹpútà mélòó ni ó wà ní ẹ̀ka yín tí ẹ ti pa tì? Ta ni yóò yẹ̀ wọ́n wò kí oṣù yìí tó parí?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á lo ọwọ́ wa fún ohun tí a ó kábàámọ̀ rẹ̀. Àmín.