Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Ìrìn Àgbà Kọ́

Kí ìyá àgbà kan tó ra tòmátì ní ọjà Mile 12 ní Kòṣọ́fẹ́, l'Ékòó, ó ní láti fo gọ́tà, kó yẹ̀ fún alábàárù, kó sì máa ná ọjà lọ́wọ́ kan náà. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń rìn níbẹ̀, ọpọlọ náà ń ṣiṣẹ́. Bí ọkàn bá pín báyìí, àgbà lè tètè ṣubú.

Ohun tí ìwádìí V-TIME dojú kọ gan-an nìyí. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ló gbé e jáde lọ́dún 2016. Àgbàlagbà 302 láti orílẹ̀-èdè márùn-ún, ẹni ọgọ́ta ọdún sí àádọ́rùn-ún, tí wọ́n ti ń ṣubú tẹ́lẹ̀, ló kópa. Gbogbo wọn ń rìn lórí ẹ̀rọ ìrìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rí ẹsẹ̀ ara wọn lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń rìn, nítorí kámẹ́rà ń ká a sílẹ̀. Wọ́n á fo ìdènà, wọ́n á yan ọ̀nà, nǹkan mìíràn á sì máa fa ojú wọn.

Láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìṣubú àwọn tó ń wo àwòrán yìí dín kù láti nǹkan bí 12 sí 6 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn tó rìn láìwo àwòrán kò dín tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ó yẹ kí èyí dé Kòṣọ́fẹ́. Imisi 3D, tí Judith Okonkwo dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2016, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ irú àwòrán yìí. Ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn sì ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbà láti 2012. Gọ́tà Kétu àti èrò Ìkòsí ló yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ yìí yà sínú àwòrán náà.